Ọmọ Onílé Ni Àbí Àlejò? Ọ̀rọ̀ Gáàsì Tó Ń Tàn Nínú Agbo Ìràwọ̀ Onírísí Ẹyin



Ta ni onílé, ta ni àlejò? Mi ò rò pé ibì kan wà tí wọ́n ti mọ ìbéèrè yìí tó Ìsàlẹ̀ Èkó. Níbi tí mò ń gbé, ní Ẹnu Ọ̀wá, tí kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn, ẹ lè pàdé ẹnì kan tí ẹ máa búra pé ọmọ àdúgbò ni. Èdè Èkó ń dùn lẹ́nu rẹ̀, ó mọ orúkọ ìgà kọ̀ọ̀kan, kò sí ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe tí kì í sí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá bi àwọn àgbà léèrè ni wọ́n máa tó sọ fún yín pé bàbá rẹ̀ àgbà ló wá ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà tí kò padà sílé mọ́. Ẹlòmíì sì wà, bó ṣe ń rìn nìkan lẹ ti máa mọ̀ pé àná ló dé.

Ó ti tó ogójì ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń bi gáàsì ní irú ìbéèrè yìí. Gáàsì wo? Gáàsì tó ń tàn nínú àwọn agbo ìràwọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò sí gáàsì gidi kan nínú wọn. Níbo ló ti wá? Ṣé inú ilé ni wọ́n bí i sí, àbí ìta ló ti wọlé? Bó ṣe ń rìn ni wọ́n fi ń mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú

Oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan péré láàárín ìràwọ̀ tó lé ní 100 bílíọ̀nù tó kóra jọ sójú kan. Ìkórajọ báyẹn ni mò ń pè ní agbo ìràwọ̀, òun ni òyìnbó ń pè ní galaxy. Tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ó ní apá tó lọ́ yí ká, gáàsì àti eruku sì pọ̀ nínú rẹ̀. Inú gáàsì yẹn ni ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde títí dòní. Ní 1926, Edwin Hubble, ará Amẹ́ríkà, pín àwọn agbo ìràwọ̀ sí ìsọ̀rí nípa ìrísí wọn. Àwọn kan wà tí kò ní apá, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, wọ́n kàn rí roboto tàbí gbọọrọ bí ẹyin. Àwọn yìí là ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ inú wọn ti darúgbó, àwọ̀ wọn sì ti pọ́n bí ẹyín iná tó ń rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé kan fi ń pè wọ́n ní òkú. Èmi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá. Ilé tó jẹ́ pé àwọn àgbà nìkan ló kù níbẹ̀, ṣé ilé òkú ni? Ẹ lọ sí ilé àwọn ìyá àgbà yín ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wo iye nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1986, Mark Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ agbo ìràwọ̀ 203 wò ní apá gúúsù òfurufú: àwọn onírísí ẹyin, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn tó tẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní apá. Nínú èyí tó lé ní ìdajì ni wọ́n ti rí gáàsì tó ń tàn. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Láti ìgbà yẹn ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ láti sọ pé ilé náà ṣófo.

Iná inú ọ̀pá

Kí ló túmọ̀ sí pé gáàsì ń tàn? Ẹ rántí gílóòbù gígùn funfun bí ọ̀pá tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù àti ní kíláàsì kí iná LED tó gbòde. Gáàsì ló wà nínú ẹ̀. Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń yí i ká. Tí iná mànàmáná bá gba inú ọ̀pá yẹn kọjá, á já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára àwọn átọ̀mù kan. Átọ̀mù tí wọ́n ti já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára ẹ̀ là ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Gáàsì tó bá kún fún irú wọn, gáàsì áyọ́ọ̀nù nìyẹn. Nígbà tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá tún padà sí àyè rẹ̀, tàbí tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ipò gíga sí ipò ìsàlẹ̀, á tu ìmọ́lẹ̀ jáde. (Nínú gílóòbù funfun, ìyẹ̀fun tí wọ́n kùn sínú ọ̀pá ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ yẹn di funfun. Àmọ́ nínú iná pupa tí wọ́n fi ń kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, gáàsì náà fúnra rẹ̀ lẹ̀ ń wò: neon ni.)

Ibi tó wù mí jù nìyí. Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kò sì lè yá ti ẹlòmíì lò. Ẹ ronú nípa Ẹ̀yọ̀. Gbogbo wọn wọ aṣọ funfun bora, ẹ ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Àkẹtẹ̀ orí wọn lẹ máa wò. Dúdú, Adímú nìyẹn. Pupa, Lábà. Àwọ̀ ewé, Ológèdè. Ìgà kọ̀ọ̀kan náà ní àkẹtẹ̀ tirẹ̀, ọmọ Èkó tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á máa kà wọ́n fún yín bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ka gáàsì. Wọ́n á tú ìmọ́lẹ̀ agbo ìràwọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n á wá wá àwọn ìlà tó mọ́lẹ̀ ju àyíká wọn lọ. Ìlà pupa kan wà ní 656.3 nanomita: háídrójìn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an, ní 658.3, náítrójìn ló wà níbẹ̀. Ìlà àwọ̀ ewé kan wà ní 500.7: ọ́síjìn tó ti pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì.

Ìlà ọ́síjìn yẹn ti da orí àwọn èèyàn rú rí o. William Huggins rí i ní 1864 nínú ìkùukùu kan lọ́run, kò sì sí nǹkan kankan láyé tó ní irú àwọ̀ yẹn. Wọ́n bá sọ pé ohun tuntun ni, wọ́n sọ ọ́ ní nebulium. Ó tó ọdún 63 kí Ira Bowen tó fi hàn, ní 1927, pé ọ́síjìn lásán ni. Kí ló dé tí a kì í rí ìlà náà nínú yàrá ìwádìí? Torí pé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn máa ń jókòó bí ìdajì ìṣẹ́jú kó tó sọ̀ kalẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, àwọn átọ̀mù á ti kọ lu ara wọn ní àìmọye ìgbà kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ ní Ìdúmọ̀tà ní ọ̀sẹ̀ Kérésì. Lọ́run, àyè gbà á. Gáàsì ibẹ̀ fúyẹ́ ju òfìfo èyíkéyìí tí a lè fi ẹ̀rọ lásán ṣe láyé.

Bí ìró síréènì

A ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ó ń rìn, àti ibi tó dojú kọ?

Gbogbo yín lẹ mọ ìró síréènì áńbúláǹsì. Bó ṣe ń bọ̀, ohùn ẹ̀ máa ń mú. Tó bá ti kọjá yín, ohùn náà á wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ìlà rẹ̀ á sún díẹ̀ sí apá búlúù. Èyí tó ń sá lọ, á sún sí apá pupa. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ìmọ́lẹ̀ ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí gáàsì bá ń sá lọ ní 300 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú 1,000 nìyẹn, nítorí náà ìlà 656.3 á sún lọ sí nǹkan bíi 657.0. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rí i kedere. Agbo ìràwọ̀ lódindi náà ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ ní láti kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìrìn gáàsì nínú ilé. Tí apá òsì bá sún sí búlúù, tí apá ọ̀tún sún sí pupa, gáàsì náà ń yí po nìyẹn.

Àwọn ìràwọ̀ pàápàá ní ìlà tiwọn, àwọn ìlà dúdú tí èròjà ara wọn gé kúrò nínú òṣùmàrè. Torí náà a lè wọn ìrìn ìràwọ̀ lọ́tọ̀, kí a wọn ìrìn gáàsì lọ́tọ̀, kí a sì fi wọ́n wéra.

Ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ, àbí? Ìràwọ̀ àgbà máa ń tú ara rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀ sínú òfurufú nígbà tó bá ń darúgbó. Gáàsì tó bá ti ara wọn jáde, ọmọ inú ilé ni. Ó yẹ kó máa yí po ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gáàsì bá wá láti ìta, bóyá agbo ìràwọ̀ kékeré kan ló kọjá tí wọ́n fà á ya, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ yí bí ti onílé. Ó lè dábùú. Ó tiẹ̀ lè máa yí ní òdìkejì pátápátá. Ẹ fojú inú wo ìwọ́de tó kún òpópónà, tí gbogbo ayé dojú kọ apá kan, tí àwọn kan wá ń gba àárín wọn bọ̀ láti iwájú. Ẹ ò ní béèrè ẹni tó jẹ́ àlejò.

Erékùṣù kan ní etí Áfíríkà

Ibi tí wọ́n ti ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ìwọ̀n yìí kò jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Erékùṣù La Palma ni, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary tó jẹ́ ti Sípéènì, ṣùgbọ́n tó wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níwájú Mòrókò. Lórí òkè kan níbẹ̀, tó ga ju 2,300 mita lọ, ni awò awọ̀nàjíjìn William Herschel wà. Fífẹ̀ dígí ẹ̀ jẹ́ mita 4.2. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹbí eruku tí ọyẹ́ ń kó bá wa ní Èkó ní oṣù Kejìlá, ń dé ibẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì máa ń dí àwọn onímọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ wò ó: eruku kan náà tó ń mú yín sín ló ń ba alẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ jẹ́.

Ní 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ SAURON níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ wọn ìrìn gáàsì, wọ́n á la ihò tóóró kan sójú ẹ̀rọ, ìlà kan ṣoṣo láàárín agbo ìràwọ̀ ni wọ́n máa rí. Bí ẹni ń yọjú wo àgbàlá láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni. SAURON ní dígí kéékèèké tó lé ní 1,400, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tú ìmọ́lẹ̀ ibi tirẹ̀ sí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rí gbogbo àgbàlá, pẹ̀lú bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn.

Marc Sarzi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde ní 2006 lórí agbo ìràwọ̀ 48. Nínú 36 nínú wọn, gáàsì áyọ́ọ̀nù wà, ó hàn gbangba. Ìrìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí bí àwo tó ń yí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe jàgídíjàgan náà. Ó ń rìn létòlétò, ó kàn jẹ́ pé nínú èyí tó pọ̀ jù, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìràwọ̀. Nínú ìdajì wọn, ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé kò sí àlàyé míì ju pé gáàsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta.

Ṣé gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ àlejò nìyẹn? Rárá o. Tó bá jẹ́ pé ìta nìkan ni gbogbo gáàsì ti ń wá, tó ń já wọlé láti ibi gbogbo láìṣẹ̀ṣà, ó yẹ kí àwọn tó ń yí bí ìràwọ̀ àti àwọn tó ń yí ní òdìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọn ò dọ́gba. Àwọn tó ń bá ìràwọ̀ yí pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nínú àwọn agbo tó tẹ́, tó ń yí kíákíá. Ọmọ ilé wà, àlejò wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò. Gáàsì tó ń yí lódì, ẹ lè búra pé àlejò ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bá ìràwọ̀ yí, ẹ ò lè búra pé ọmọ ilé ni. Òòfà àwọn ìràwọ̀ máa ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́ sójú ọ̀nà wọn. Àlejò tó bá pẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èdè ibẹ̀ ló máa sọ.

Ní 2011, iṣẹ́ náà fẹ̀ sí i. ATLAS3D ni wọ́n pe ìyẹn, agbo ìràwọ̀ 260 sì ni wọ́n kó jọ. Timothy Davis àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé nínú àwọn tó ń yí kíákíá, nǹkan bíi 36 nínú 100 ni gáàsì wọn kò bá ti ìràwọ̀ mu. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tó wà nínú ìlú ńlá Virgo, níbi tí agbo ìràwọ̀ tó lé ní 1,000 ti ń gbé pọ̀: níbẹ̀, gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ìràwọ̀ mu nígbà gbogbo. Ní ìgbèríko, níbi tí agbo ìràwọ̀ ò ti pọ̀, ni àlejò ti ń wọlé jù. Ẹ ò ṣe rò pé ìlú ńlá ló yẹ kí àlejò pọ̀ sí? Òfurufú ò ṣe bí Èkó. Nínú Virgo, àwọn agbo ìràwọ̀ ń sáré kọjá ara wọn ju kí wọ́n lè gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn lọ, gáàsì gbígbóná tó kún àárín ìlú náà sì ń gbọn gáàsì tútù kúrò lára ẹni tó bá ń gbé e bọ̀.

Ta ló ń san owó iná?

Mo ṣàlàyé nǹkan yìí fún Àlàájì kan tó ń ta gílóòbù ládùúgbò wa. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Ta ló wá ń san owó iná níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ìbéèrè tó dára jù nìyẹn." Òótọ́ sì ni. Nínú agbo ìràwọ̀ bíi tiwa, ọ̀dọ́ ìràwọ̀ tó ń jó fòfò ló ń já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára gáàsì. Nínú onírísí ẹyin, ọ̀dọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ rò pé ihò dúdú tó wà láàárín agbo náà ló ń ṣe é. Ihò dúdú lóòótọ́ wà, ó sì ń dá kún un nítòsí àárín. Ṣùgbọ́n gáàsì náà ń tàn káàkiri ilé, títí dé ibi tó jìnnà sí àárín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ti ìràwọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ Sarzi tún jáde, wọ́n ní ó jọ pé àwọn àgbà ìràwọ̀ fúnra wọn ló ń san owó náà. Ìràwọ̀ bí oòrùn wa, tó bá ti bọ́ ẹ̀wù òde rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, inú rẹ̀ tó gbóná kọjá sísọ á yọ síta. Ìmọ́lẹ̀ olóró tó ń ti ibẹ̀ jáde tó láti já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó nǹkan, àmọ́ wọ́n pọ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní òkú, àwọn ló ń tan iná o.

Àlàájì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé àwọn àgbà ló máa ń san án nílé tiwọn náà.

Wàhálà kan wá kù, ó sì tóbi. Agbo ìràwọ̀ ńlá kan tó ní ìmọ́lẹ̀ bíi ti 100 bílíọ̀nù oòrùn, àwọn àgbà inú ẹ̀ ń tú gáàsì tó tó ìwọ̀n oòrùn kan dànù lọ́dọọdún. Ní 10 bílíọ̀nù ọdún, ó yẹ kí a bá 10 bílíọ̀nù oòrùn gáàsì nílẹ̀. Iye gáàsì áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń rí? Nǹkan bíi 1,000 sí 100,000 oòrùn. Ìyókù dà?

Wọ́n rí púpọ̀ nínú ẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà rán awò awọ̀nàjíjìn Einstein, tó ń fi X-ray wòran, lọ sí òfurufú ní 1978. Ó ti gbóná ju ohun tí ojú lè rí lọ. Gáàsì áyọ́ọ̀nù tí à ń sọ wà ní nǹkan bíi 10,000 dígírì. Èyí tí Einstein rí tó 10 mílíọ̀nù dígírì. Àwọn ìràwọ̀ tó ń bú gbàmù, ìkọlura gáàsì pẹ̀lú gáàsì, àti agbára tó ń tú jáde láti ẹ̀gbẹ́ ihò dúdú ló ń gbé e gbóná. Gáàsì tó gbóná tó báyẹn kò lè kóra jọ di ìràwọ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé fi kún fún gáàsì síbẹ̀ tí a kì í gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun. Nígbà mìíràn díẹ̀ nínú ẹ̀ á tutù, á já wálẹ̀ bí okùn tín-ín-rín. Nínú agbo ìràwọ̀ NGC 1275, irú okùn bẹ́ẹ̀ gùn tó 20,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà kẹta wà tí gáàsì áyọ́ọ̀nù lè gbà wáyé: kó jẹ́ ọmọ ilé tó lọ sínú ooru, tó tún padà.

Òṣùwọ̀n tó parọ́ fún wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti M87, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìtàn lásán lọ. Onírísí ẹyin ńlá ni, ó wà láàárín Virgo, nǹkan bíi 55 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ní 1994, Holland Ford, Richard Harms àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi awò awọ̀nàjíjìn Hubble wo àárín rẹ̀. Wọ́n bá gáàsì áyọ́ọ̀nù tó ń yí po níbẹ̀. Ní 60 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí àárín, apá kan ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, apá kejì ń sá lọ, ní nǹkan bíi 550 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Kí nǹkan tó lè sáré tó báyẹn láìjẹ́ pé ó fò lọ, ohun wíwúwo kan ní láti dì í mú. Wọ́n ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi 2.4 bílíọ̀nù oòrùn, nínú àyè kékeré. Ihò dúdú ni. Ìrìn gáàsì ló tú u fó.

Iye yẹn ni ìjà wà lé lórí. Ní 2011, àwọn míì lo ìrìn ìràwọ̀ dípò gáàsì, wọ́n rí 6.6 bílíọ̀nù. Ní 2013, wọ́n tún wọn gáàsì, ó fún wọn ní 3.5. Ìlọ́po méjì ni ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́! Ta là á gbà gbọ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwòrán ihò dúdú àkọ́kọ́ jáde, àwòrán òrùka ọsàn yẹn tó kún orí Facebook àti WhatsApp. M87 ni. Láti inú títóbi òrùka náà, wọ́n ṣírò 6.5 bílíọ̀nù. Ìràwọ̀ ló gba ẹjọ́ náà.

Kí ló ṣe gáàsì? Láti fi gáàsì wọn nǹkan, ẹ ní láti gbà pé ó ń yí roboto lórí àwo tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sì ní láti mọ bí àwo náà ṣe dagun sí wa. Tí ẹ bá ṣi ìdagun yẹn gbé, ìwọ̀n á yí padà pátápátá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìràwọ̀ ò mọ nǹkan kan ju òòfà lọ, ṣùgbọ́n gáàsì fúyẹ́, ohun gbogbo ló ń tì í: ooru, ìjì láti ẹ̀gbẹ́ ihò dúdú, gáàsì ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbo ìràwọ̀ míì ṣì wà tó jẹ́ pé gáàsì nìkan ni wọ́n fi wọn ihò dúdú inú wọn. Bí gáàsì bá lè ṣì wá lọ́nà tó báyìí ní M87 tí gbogbo ayé ń wò, èmi ò ní yá a láti gba àwọn iye yòókù láìbéèrè bí gáàsì ibẹ̀ ṣe ń rìn.

Láti òrùlé ilé wa

Èkó wà ní ibi tó dára lórí ilẹ̀ ayé fún ọ̀rọ̀ yìí. A sún mọ́ ìlà àárín ayé, torí náà apá àríwá àti gúúsù òfurufú ló ṣí fún wa. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, M87 wà lókè orí wa gan-an. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú sí gúúsù, apá òkun. Ní bíi 40 dígírì sókè ni Centaurus A wà, èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí láé láti ilé wọn. James Dunlop ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ní Ọsirélíà, ní 1826. Nǹkan bíi 12 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ péré ló jìnnà sí wa, onírísí ẹyin ni, ṣùgbọ́n ọ̀já eruku dúdú kan dì í nídìí gbọnrangandan. Gáàsì àti eruku yẹn ń yí po lórí àwo tó ti lọ́, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìràwọ̀. Agbo ìràwọ̀ míì ló gbé mì. Àlejò tí kò tíì kọ́ èdè ilé.

Láti Ẹnu Ọ̀wá, iná pọ̀ jù, òjò oṣù Karùn-ún náà ò sì ní jẹ́ kí ẹ gbádùn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní abúlé, lálẹ́ tí ìkùukùu bá ṣí, pẹ̀lú awò olójú méjì. Bí owú funfun ló máa rí.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìrìn gáàsì fúnra rẹ̀, fóònù yín tó. Láti oṣù Kejìlá 2021, ìwádìí kan tó ń jẹ́ MaNGA ti gbé ìwọ̀n agbo ìràwọ̀ tó tó 10,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ewé tí wọ́n fi ń wò ó ń jẹ́ Marvin. Ẹ mú agbo ìràwọ̀ kan tó rí bí ẹyin. Ẹ ṣí àwòrán ìrìn ìràwọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ti ìrìn háídrójìn, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Búlúù ń bọ̀, pupa ń lọ. Tí búlúù ìràwọ̀ bá wà lápá òsì, tí búlúù gáàsì wá wà lápá ọ̀tún, ẹ ya àwòrán ẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà agbo náà sí i, kí n lè fúnra mi lọ kí àlejò náà káàbọ̀.